Ẹnìkejì Mi Lábẹ́ Ọ̀pá Hámọ́ọ̀kì

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ lu aago méje àárọ̀ ni, a sì ti pé sí ẹsẹ̀ òkè Màpó: àwa mẹ́jọ tí a máa ń ru òyìnbó, olórí wa, akọ̀wé tó ń ṣe ògbufọ̀, àti òyìnbó tó ń gbani síṣẹ́, tó jókòó sórí àga rẹ̀. Ìrì ò tíì gbẹ. Òórùn àdín tí a fi pa ọrùn àti ti òṣùká tí òógùn ti bà jẹ́ gba gbogbo abẹ́ igi odán náà. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àdín, ọrùn mi á kọ́kọ́ le kí n tó rántí ohun tó fà á.

Ìwọ náà rí hámọ́ọ̀kì rí: aṣọ tí wọ́n so kọ́ sábẹ́ ọ̀pá gígùn, tí òyìnbó á sùn sínú rẹ̀, tí ènìyàn mẹ́rin á sì gbé e lérí, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé gíga ni wọ́n fi ń so wá pọ̀. Pákó kan máa ń dábùú ọ̀pá náà níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Bí àwọn méjì tó wà lábẹ́ pákó kan kò bá ga dọ́gba, orí ẹni gíga ni gbogbo ẹrù ń bọ́ sí. Èmi àti ọkùnrin kan láti Bẹyẹrúnkà la ga jù, ẹ̀yìn la sì máa ń wà. A ò bá ara wa tan, ṣùgbọ́n a ti jọ gbé ẹrù pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ wa ń lọ bákan náà láìsọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni a ti gbé ọ̀pá sílẹ̀, a ò ru òyìnbó kankan mọ́. Ibà mú ọ̀kan nínú wa lọ́nà Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì kú sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. A wá fẹ́ àdéhùn tuntun. Òyìnbó gbà kí a máa sinmi nígbà tí oòrùn bá mú. Ó gbà kí àwọn tí yóò máa gbà á lórí wa pọ̀ sí i. Èyí tó ká wa lára jù, pé kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣàìsàn lọ́nà padà sílé, kò gbà á.

“Ó ní ìrìn àjò ìjọba ò lè dúró de ẹnì kan,” akọ̀wé wí.

“Ẹ bá wa bi í,” ni olórí wa dáhùn, “bí òun alára bá ṣàìsàn lọ́nà, ṣé ká jù ú sígbó ni?”

A rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò túmọ̀ ìyẹn. Òyìnbó dìde, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó bọ́ síwájú, kí àwọn yòókù máa lọ sílé, òun á wá ẹlòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò mira. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkejì mi, ará Bẹyẹrúnkà yẹn, bọ́ síwájú.

“Ìyàwó rẹ̀ ló rán an!” ọ̀kan nínú wa kígbe. “Ẹ wò ó, ó ga bí lékeléke, obìnrin ń dà á kiri!”

“Òun ló rán mi,” ó wí. “Oyún rẹ̀ ti pé. Kò sí oúnjẹ nílé.”

Mo fà á lápá. “Ta ni wọ́n máa fi tì ọ́?”

“Ẹni tí wọ́n bá rí. Àbí ìwọ ń bọ̀?”

Mo ní n ò lọ.

Ẹni kúkúrú kan ni wọ́n rí. Wọ́n ká òṣùká méjì lé ara wọn fún un kí ó lè ga tó ẹnìkejì mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé òṣùká méjì kì í pẹ́ tẹ̀ pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, nítorí inú ń bí wa. Àwọn méjèèjì àti àwọn tuntun tí òyìnbó gbà síṣẹ́ ru ú gba Mọlété jáde sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Nígbà tí wọ́n padà dé, a ò rí i láàárín wọn. Ẹni kúkúrú náà ló wá bá wa ní Ọjà'ba. Kò lè wò wá lójú. Ó ní ọrùn ẹnìkejì mi ti yẹ̀, kò lè gbé orí mọ́, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ ní abúlé kan.

“Àdéhùn tó gbà nìyẹn,” ni ẹni tó pè é ní lékeléke wí. “Ṣebí òun ló bọ́ síwájú.”

Olórí wa yíjú sí i. “Ṣé kìkì ẹni tí a bá fẹ́ràn ni a ní kí òyìnbó máa gbé padà sílé?”

Olórí wa, èmi, ẹni kúkúrú náà àti abúni yẹn la lọ. A bá a lórí ẹní lẹ́yìn ilé kan. A so aṣọ mọ́ ọ̀pá, a gbé e.

“Ẹ rọra o,” ó wí láti inú aṣọ. “Òyìnbó tuntun lẹ gbé yìí.”

“Dákẹ́ jàre, lékeléke. Ìwọ lo wúwo jù nínú gbogbo òyìnbó tí mo rù rí,” ni abúni náà dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí á má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́, ó ń dun òun. Kí a tó dé Mọlété, kò dá wa lóhùn mọ́. N ò mọ ibi tó ti kú. Ẹrù náà kò fúyẹ́ sí i, kò wúwo sí i. A ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà agboolé, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. “Ṣé ó sùn ni?” Olórí wa ṣí fìlà. Ìgbà tí ìyàwó tèmi kú ni mo tó mọ̀ pé obìnrin náà ti mọ̀ kó tó béèrè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la sin ín. Lẹ́yìn àdúrà, láìsí akọ̀wé, àwa tó kù fẹnu kò pé a ò ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ lọ́nà mọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tó dà wá. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ìwé, mo sì ti ka oríṣiríṣi àdéhùn láti ìgbà náà. N ò tíì rí èyí tí mo lè fi wé tiwa, n ò sì tíì rí èyí tó pẹ́ dé tó bẹ́ẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òyìnbó ò tíì yí ohunkóhun padà. Ebi ti wọ ilé gbogbo wa. Mo fi omi gbígbóná jó ọrùn mi, mo lọ sí ẹsẹ̀ Màpó, mo sì bọ́ sábẹ́ ọ̀pá.