Ariwo Heizung Ilé Àdúrà wa ní Lurup

Ní ọjọ́ Àìkú tí ariwo bọ́ílà bo ìwàásù Alàgbà Adéoyè mọ́lẹ̀, gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Èmi ni mo ń tọ́jú Heizung, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé móoru, ní ilé àdúrà wa ní Lurup, ní òkè òkun. Ẹnikẹ́ni kò bú mi, ṣùgbọ́n irú ìwò bẹ́ẹ̀ ju èébú lọ.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè bá mi lọ: bọ́ílà ni ó ń mú omi gbóná ní àjà ilẹ̀, pọ́ǹpù ni ó ń ti omi náà gba inú páìpù lọ sí àwọn irin gbọọrọ tí ó ń mú yàrá móoru. Fáàfù kan wà lára irin kọ̀ọ̀kan, ó sì ní orí tí ó ń mọ bí ooru ti tó. Bí ooru bá ti tó lójú rẹ̀, yóò ti ọ̀nà omi pa fúnra rẹ̀.

Mo ti ṣe olùkọ́ ní Abẹ́òkúta kí n tó kọ́ iṣẹ́ yìí ní Billbrook, nínú ìlú kan náà pẹ̀lú Lurup, lọ́dọ̀ Meister kan, ọ̀gá iṣẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín. Obìnrin méjì péré ni ó kọ́: èmi, àti Bísí, tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ jìnnà. Èmi ni mo kọ́ Bísí bí a ṣe ń di sípánà mú. Síbẹ̀, bí pọ́ǹpù kan bá ń ráhùn, Bísí ni Meister máa ń pè kí ó wá fi etí sí i. Nígbà tí Bísí kó lọ sí Berlin, tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí ń tọ́jú Heizung àwọn ilé gogoro kan ní àdúgbò Märkisches Viertel, mo kí i kú oríire lórí fóònù. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ̀ kalẹ̀ sí àjà ilẹ̀. Mo tú afẹ́fẹ́ inú àwọn irin náà jáde, mo sì dín eré pọ́ǹpù kù. Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, bọ́ílà tún ń kan gbà-gbà, pọ́ǹpù sì ń hu. Mo bu omi kún un ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, ó dákẹ́; ní ọjọ́ Àìkú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Alàgbà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Màmá, ìkórè ti dé tán. A ti ránṣẹ́ sí Bísí ní Berlin. Ẹ má bínú.”

Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni. Bí Bísí bá tún un ṣe, gbogbo ìjọ ni yóò mọ̀ pé ọmọ tí mo kọ́ ti kọjá mi.

Ó dé ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, bí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bọ́ bàtà bí àwa ti ń ṣe. Mo na kọ́kọ́rọ́ àjà ilẹ̀ sí i, kò gbà á. Ó ń rìn yí gbọ̀ngàn po, èmi sì ń tẹ̀ lé e, mo ń retí kí ó kùnà. Àwọn baba wa máa ń wí pé ojú tí àlejò ní, kò fi í ríran. Ti Bísí ríran.

Àwa kì í wọ kóòtù lórí sùtánà. Bí a bá ti ẹnu ọ̀nà wọlé, a ó bọ́ kóòtù tí yìnyín ti rin, a ó kó o lé orí irin gbígbóná, kí ó lè gbẹ, kí ara wa sì móoru bí a bá ń lọ ilé. Mo ti rí òkìtì kóòtù yẹn títí tí ojú mi kò fi rí i mọ́.

Bísí dúró níwájú òkìtì náà, ó rọra sọ ọ́ sí mi létí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé èyí kúrò lórí fáàfù. Ooru ti há sí abẹ́ rẹ̀. Orí fáàfù rò pé gbogbo ilé ti gbóná, ó ti ọ̀nà pa. Ilẹ̀kùn títì ni pọ́ǹpù ń tì. Ní ọjọ́ Ajé, kò sí kóòtù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń dákẹ́.”

Kóòtù tèmi ni ó wà lókè pátápátá.

A kó gbogbo wọn kúrò. Kí orin ìjọsìn tó parí, ariwo náà ti rọlẹ̀, ohùn àwọn akọrin sì jáde gbangba. Alàgbà béèrè ẹni tí ó rí àṣìṣe náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà,” ni Bísí wí. “Mo kàn bá wọn kó kóòtù ni.”

Bí ọmọlúàbí ti ń ṣe nìyẹn: àbúrò kì í gba iyì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lójú agbo. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí yìn mí. Ohun tí ó dùn mí jù nìyẹn. Ó ti fi etí àti ojú jù mí lọ, n kò sì lè jẹ́ kí ó tún fi ìwà jù mí. Mo bọ́ síwájú.

“Ọjọ́ orí mi ni ó ń bọ̀wọ̀ fún, sà. Òun ni ó rí i. Èmi kò rí i.”

Mo kan ìkọ́ kóòtù mọ́ ògiri kí ìkórè tó dé, àjà ilẹ̀ náà sì wà lọ́wọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan bọ́ílà ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ rin gbogbo yàrá ilé já. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún Bísí, ó sì pẹ́. Mo bá wọn pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáwọ́ dúró.