Ọjọ́ Tí Mo Lọ Bẹ̀bẹ̀ fún Ọ̀gá Mi ní Sharjah

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀bi mi ni, mi ò sì ní í dì í ru ẹlòmíràn. Ọ̀gá mi kò rán mi níṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo wọ bọ́ọ̀sì, tí mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin tí òun kò fẹ́ bẹ̀.

Máṣìnnì ìránṣọ ni ọ̀gá mi ń tà ní Al Satwa, nílùú Dubai, láàárín àwọn télọ̀. Obìnrin ará Taiwan ni, erékùṣù kan tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ní ìjọba tiwọn níbẹ̀, wọ́n ní ṣọ́jà, wọ́n ní owó tí wọ́n ń ná, wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn. Ṣùgbọ́n Ṣáínà ní yàrá kan nínú ilé òun ni, kò dá dúró rárá. Kí n tó dé Dubai, mi ò mọ̀ pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà láyé. Gbogbo wọn ni mò ń pè ní Ṣáínà, bí àwọn èèyàn ibẹ̀ náà ṣe ń pe gbogbo wa ní Áfíríkà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pe ọ̀gá mi bẹ́ẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sídìí páálí kan, ó fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ Taiwan sí, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo sì ń sọ nínú mi pé obìnrin yìí le o.

Ó ní aṣọ funfun kan tó máa ń fi nu máṣìnnì láràárọ̀. Ibi tí orúkọ ìlú rẹ̀ wà ló máa ń kọ́kọ́ nù kó tó nu ibòmíràn. Bí télọ̀ bá béèrè pé ṣé ti Ṣáínà ni, yóò ní rárá, Taiwan ni. Kò ní í pariwo, kò sì ní í jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọjà Dubai dojú dé. Àwọn ilé gogoro dúró láìparí, kò sẹ́nì kankan lórí wọn mọ́. Àwọn èèyàn gbé mọ́tò sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sá lọ sílé wọn. Àwọn télọ̀ tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé kò rí ẹni rán aṣọ fún mọ́. A óò ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, a óò jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì wọlé, abẹ́rẹ́ kan ló wá rà. Ọ̀gá mi kò tàn mí. Ó ní bí ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù bá parí láìjẹ́ pé ọjà ńlá kan wọlé, òun máa tì í pa. Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ni visa mi wà. Bí ó bá tì í, oṣù kan péré ni mo ní láti fi ìlú wọn sílẹ̀.

Ilé tí wọ́n máa dá mi padà sí ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti kúrò nílé ọkọ kí n tó wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kúrò, inú yàrá kan tí mo fúnra mi gbà ni mo wà, ọkàn mi balẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó ara wọn jọ, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi, wọ́n ní àwọn wá bá mi bẹ̀ ẹ́, ọmọdé ló ń ṣe mí. Mi ò rán wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló rán yín, wọ́n ní ṣé ó yẹ kí èèyàn ránni kí ẹbí tó bá a bẹ̀bẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe dá mi padà nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ni mo tún fi jìyà kí n tó rí ọ̀nà Dubai. Bí ọjà wá ṣe bàjẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù, ó ní ọkọ mi ti ní kí wọ́n gbá yàrá mi, pé tó bá ti le, kí n wálé, àwọn á tún bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Al Nahda níbi tí mo ń gbé, mo ń ka iye ọjọ́ tó kù kí ìwé àṣẹ parí.

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá aláṣọ yọjú. Ará Ṣáínà ni, ó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé ní Sharjah. Ogójì máṣìnnì ló fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré wọ ilé ìtọ́jú ẹrù, mo ń jó níbẹ̀ láìsí ìlù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìdí ìwé, bàbá ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Taiwan, ti ilẹ̀ Ṣáínà, ni ẹrù náà ti wá. Ọ̀gá mi ní òun kò lè kọ ọ́. Bàbá ní òun náà kò lè rà á. Ó dìde, ó lọ. Ọ̀gá mi mú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń nu máṣìnnì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. A pọ̀ nínú yàrá wa, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó ń ṣe síkiọ́ríìtì, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ni mo máa ń sọ tinú mi fún.

Ó ní, “Ọmọ, madam ẹ yìí ń ṣe shakara o. Ṣé ohun tí wọ́n kọ sórí paper ni wọ́n máa jẹ ni? Forty machines! Nínú ọjà tó dead yìí!”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ nǹkan tí mo máa ṣe. Wọn ò lè dá mi padà sílé yẹn.”

“Lọ bá baba yẹn fúnra ẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kúnlẹ̀ fún un, sọ pé àbúrò ẹ̀ ni madam, kó má wo ti ẹnu ẹ̀. Baba na baba. Tó bá ti dáhùn, khalas, ó ti parí.”

“Tí madam bá gbọ́ ńkọ́?”

“Ta ló máa sọ fún un? Abeg, yalla, yára sùn.”

Lọ́jọ́ kejì, mo parọ́ fún ọ̀gá mi pé ara mi kò yá. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ bàbá. Bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì rẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì. Ó dìde fìrì, ó rò pé mo ṣubú ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà ń gbọ̀n lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nílé wa. Mo ní àbúrò rẹ̀ ni ọ̀gá mi. Mo ní bí ọmọ ìyá bá ń jà, kì í ṣe bíi ká kú. Mo ní kó fojú fò ó, obìnrin ni, òun ni àgbà.

Ó fà mí dìde, ó fún mi ní àga. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé bàbá òun ní ẹ̀gbọ́n kan, tó bá àwọn ṣọ́jà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù yẹn nígbà ogun abẹ́lé wọn, tí kò sì padà wá mọ́. Ìyá wọn kò yé gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ nígbà ọdún, títí ìyá náà fi kú. Ó bi mí pé ṣé àlejò ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n gbé àwo yẹn kalẹ̀ fún. Omi ti wà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní í parọ́. Mo sọ nínú mi pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i, ẹbí ni wọ́n lóòótọ́.

Ó wá bi mí pé, “Ṣé òun ló rán ọ?”

Nílé wa, ẹni tó ń bá èèyàn bẹ̀bẹ̀ kì í ní kò sẹ́ni tó rán òun. Ta ni yóò gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òun ló rán mi.”

Ẹyin lohùn. Bàbá kò ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá sí Satwa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tòun ti apẹ̀rẹ̀ ọsàn àti ìwé tó ti kọ sílẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ẹni tó rí ohun tó ti sọ nù. Ó ń bá ọ̀gá mi sọ èdè wọn, ó ń nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi yíjú wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ fún bàbá náà ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹ̀rín bàbá sì kú. Ó pa ìwé rẹ̀ pọ̀. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó lu tábìlì, ó jáde, ó sì fi ọsàn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé, “Ta ló rán ọ?”

Mo mọ ìbéèrè yẹn. Ẹnu tèmi ló ti jáde rí, sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n má kúnlẹ̀.

Ó ní, “O lọ sọ fún un pé ilé rẹ̀ ni mo ti sá jáde.”

Kò lé mi. Ì bá sàn kó lé mi. A jọ ń ṣílẹ̀kùn, a jọ ń tì í, kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Ọsàn bàbá jẹrà lórí tábìlì, èmi ni mo kó o dànù. Nígbà tí ìwé àṣẹ parí, ó ta máṣìnnì tó kù fún ẹnikẹ́ni tó bá rà á. Èmi ń wáṣẹ́ kiri bí wèrè. Níkẹyìn, ìdílé kan ní àdúgbò Al Warqa ní àwọn máa gbà mí kí n máa tọ́jú ilé àti ìyá àgbà wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìnrìn àjò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Thursday. Wọ́n ní kí n mú ìwé tí ọ̀gá mi máa buwọ́ lù láti fagi lé visa mi wá kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó pọ́n, kí àwọn lè gba tuntun fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n máa mú ẹlòmíràn.

Ẹni tó ń bá wa tẹ̀wé ní Satwa kọ ìlú ọ̀gá mi sínú ìwé náà pé Ṣáínà. Ọ̀gá mi dá a padà lọ́jọ́ Tuesday. Ó tún tẹ̀ ẹ́, Ṣáínà náà ló tún jáde. Ó dá a padà lọ́jọ́ Wednesday. Mi ò sùn lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Thursday, ọkùnrin náà gbé ìwé kẹta jáde, ó ní, “Madam, ibi tí kọ̀ǹpútà gbà mí láyè dé nìyí. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa.”

Mo wo ìwé náà láti ẹ̀gbẹ́. Ṣáínà ni. Mi ò bẹ ọ̀gá mi. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò la ẹnu mi nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ara mi ló ń kígbe. Mo kàn ń wo ilẹ̀, mo ń rí yàrá tí wọ́n ti gbá dè mí.

Ọ̀gá mi fi ìka lé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, bó ṣe fi í lé páálí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò gbé ìka yẹn kúrò fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí ọkùnrin náà fún òun ní bírò. Obìnrin tó jẹ́ kí ogójì máṣìnnì lọ nítorí ọ̀rọ̀ kan, ó buwọ́ lu ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti ìwé sí mi lọ́wọ́ láìwo ojú mi.

Mo ní, “Madam...”

Ó ní, “Kò sẹ́ni tó rán mi. Yalla. Wọ́n ń dúró dè ọ́.”

Mo dé Al Warqa kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Obìnrin onílé gba ìwé náà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò kà á. Ó ká a sí méjì, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà mi kí n máa wọlé.