Òdòdó Háríhá Mi Lórí Ìyàwó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, orí ìyàwó ni mo ti bá òdòdó mi lónìí!

Háríhá àgbàdo tí wọ́n fẹ́ dáná sun lẹ́yìnkùlé ni mo fi ṣe é. Mo rẹ díẹ̀ sínú aró, mo fi osùn kun ìyókù, mo hun ún rìbìtì bí òṣùká, mo sì gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, mi ò rí i mọ́.

La bá lọ síbi ìgbéyàwó Àdùkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ayàwòrán yà wọ́n, òdòdó mi ló wà lórí Àdùkẹ́!

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Bàbá Dúpẹ́, ta ló fún un?"

"Èmi ni. Òdòdó orí tí wọ́n ní kí wọ́n bá a rà wá láti Èkó kò dé. Mo rò pé pàǹtí lásán ni tìẹ."

"Pàǹtí kẹ̀? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni!" Gbogbo ẹbí gbọ́.

Àdùkẹ́ dì mọ́ mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun náà fẹ́ irú ẹ̀ sí pálọ̀ òun.

Mo ti rán ọkọ mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa háríhá fún mi báyìí. Àbí mo ti le jù, ẹ̀yin èèyàn mi?