Òwú Pupa Lára Fìlà Ojoojúmọ́

"Bí ẹ kò bá rántí bóyá ẹ ti gún ọmọ yín lábẹ́rẹ́, ẹ má ṣe gún un mọ́. Ẹ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pè wá." Báyìí ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ ṣe kìlọ̀ fún àwa òbí ní oṣù tó kọjá, nígbà tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, tí àwọn ọmọ wa ń ṣeré lẹ́yìn wa. Bàbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ni yóò gún nǹkan sí ara tí yóò tún gbàgbé?" Mo mọ ẹnì kan tó gbàgbé, mo sì mọ ohun tó ṣe lẹ́yìn tó rí i pé òun ti ṣì í ṣe. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí.

Òórùn ẹ̀pà díndín ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Lẹ́yìn òórùn náà ni ariwo òróró tó ń hó, lẹ́yìn ariwo òróró ni èébú.

"Aránṣọ, ṣé o ti jí?"

"Mo ti jí tipẹ́. Èéfín rẹ ni kò jẹ́ kí n sùn."

"Agbádá tí o rán fún ọkọ ọmọ mi, ewúrẹ́ mi méjì ló sùn sínú rẹ̀ lánàá, ààyè sì tún kù."

"Kí wọ́n má ṣe jẹ kúlíkúlí rẹ níbẹ̀ o. Eyín wọn á kán sí mi láṣọ."

Ní àdúgbò Albarika ni, nínú agboolé tí ìyá mi ti gba yàrá lọ́wọ́ bàbá aránṣọ yìí. Ìyá tó ń din kúlíkúlí wà ní ìkejì ògiri. Bàrùbá ni ìyá náà, ọmọ Ṣábẹ̀ ni bàbá, ẹgbẹ́ sì ni wọ́n. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni wọ́n ti ń bú ara wọn láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí ìjà. Bí irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kí ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìgbà yẹn ni àdúgbò máa ń bẹ̀rù.

Ìyàwó bàbá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní Kútọnu, nítorí náà ìyá mi ló máa ń gbé ògì rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ aṣọ fún un. Ó máa ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ní ìtòsí. Bí mo bá ti ki òwú tán, màá to àwọn abẹ́rẹ́ náà sára tìmùtìmù kékeré kan, òwú funfun lápá kan, òwú aláwọ̀ ewé lápá kejì. Bí mo bá to ọ̀kan wọ́, á fà á yọ, á sì dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà ju eré lọ.

Bàbá ní àtọ̀gbẹ. Kò sí fíríìjì nínú agboolé wa, torí náà ó ń tọ́jú ìgò ínsúlínì rẹ̀, oògùn tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tó wà nínú ìkòkò amọ̀ ńlá, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín àwọn méjèèjì. Èmi ni mo máa ń bu omi sí iyanrìn náà. Láàárọ̀, kí ó tó jẹun, á gún ínsúlínì sí ikùn rẹ̀. Á tún gún un nírọ̀lẹ́. Kí ó má baà gbàgbé, ó ní ọgbọ́n kan. Bí ó bá ti gún ti àárọ̀, á fi òwú pupa kan rán ojú kan ṣoṣo sí etí fìlà rẹ̀. Bí ó bá gún ti ìrọ̀lẹ́, á tú u. Bí iyè méjì bá mú un, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí etí fìlà.

Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ dáadáa, títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà tí a gba ìsinmi ilé ìwé.

Igi ìdáná tutù lọ́jọ́ náà, nítorí òjò, ògì sì pẹ́. Bàbá ti gún ínsúlínì rẹ̀, ó ti rán òwú sí fìlà, ó wá ní kí òun wẹ̀ kí òun sì múra Jímọ̀ sílẹ̀ kí ògì tó dé. Nígbà tí ìyá mi gbé ògì wọlé, bàbá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sí etí fìlà bó ṣe máa ń lọ. Kò bá òwú níbẹ̀. Ó gún òmíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Nígbà tí mo wọlé láti wá ki òwú, fìlà ojoojúmọ́ rẹ̀ wà lórí àpótí. Mo gbé e láti fi kọ́ ìṣó, mo sì rí ojú òwú pupa náà.

"Bàbá, ṣé kí n tú òwú yìí ni?"

Ó gbé ojú sókè. Ó wo fìlà tó wà lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ kan fìlà Jímọ̀ tó wà lórí rẹ̀, ó sì gbé síbí ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó na ọrùn sí ọ̀nà ògiri, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè:

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé! Mo ti gún un lẹ́ẹ̀mejì!"

Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀kejì, ojú kò sì tì í. Bí ẹni ń pè wá pé oúnjẹ ti délẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ìyá mi sáré wọlé pẹ̀lú agolo ṣúgà tó ti ń fi pamọ́ fún un láti ọjọ́ pípẹ́. Ó da ṣúgà sínú ògì tó kù, ó rò ó pọ̀. Bàbá mu ún, ó sì di ojú.

"Hẹ̀n. Báyìí ló ṣe ń dùn? Ẹ̀yin èèyàn yìí ti rẹ́ mi jẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ mu ún tán," ni ìyá mi wí.

Bàbá mú ìgò ínsúlínì àti abẹ́rẹ́ tó lò dání, ó ní ó yẹ kí nọ́ọ̀sì fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí òun gún. Wọ́n gbé e gun zẹ́mìjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, ìyá mi jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó sì dì í mú. Èmi àti ìyá oníkúlíkúlí gun zẹ́mìjàn kejì. Ó gbé igbá kúlíkúlí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, nítorí ó ní òun ò lè fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo ìgò náà, ó fi ẹ̀rọ wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá, ó sì ṣàlàyé fún wa. Ó ní ṣúgà náà kò tíì lọ sílẹ̀ jù, ṣùgbọ́n agbára abẹ́rẹ́ méjèèjì ṣì ń bọ̀, nítorí náà bàbá kò gbọdọ̀ padà sílé títí agbára náà yóò fi lọ. Ó ní a lè jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò nínú ọgbà, nítòsí ilẹ̀kùn rẹ̀, òun á máa wá wò ó.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bí ó bá ń làágùn, bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ẹ pè mí kíákíá."

"Ìyẹn ò le," ni ìyá oníkúlíkúlí wí. "Iṣẹ́ mi ni."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó bú ìránṣọ rẹ̀, ó bú irùngbọ̀n rẹ̀, ó bú bó ṣe gun zẹ́mìjàn bí ẹni gun ràkúnmí. Bàbá ń dá gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí ń sún bẹ́ǹṣì wọn mọ́ wa. Obìnrin kan tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ̀ kò lọ mọ́. A ń gbọ́ ìpè Jímọ̀ láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọjà Arzèkè, ara mi sì ti balẹ̀ pátápátá.

Ìyá oníkúlíkúlí wá ní, "Aránṣọ, agbádá tí o ń rán, ewúrẹ́ ló yẹ kó máa wọ̀ ọ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "O ṣeun."

Ìyá náà dìde. Kúlíkúlí dà sílẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì wo ilẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ máa bọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òógùn ti bo iwájú orí bàbá, àti pé ojú rẹ̀ ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ṣúgà ti lọ sílẹ̀. Ó fún un ní omi tó po ṣúgà sí, ó ń gbé ife náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó sì rí i pé ó ń gbé e mì. Ó dúró, ó tún wò ó, kò tíì gòkè tó, ó tún fún un sí i. Mo di etí fìlà Jímọ̀ mú, nítorí òun ni wọ́n bọ́ fún mi.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó nu iwájú orí rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rí kúlíkúlí tó wà nílẹ̀. Ewúrẹ́ ilé ìwòsàn kan ti dé ibẹ̀, ó gbóòórùn ọ̀kan, ó sì kọjá lọ.

"Ẹ rí i?" ni bàbá wí. "Ewúrẹ́ á wọ agbádá mi. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ kúlíkúlí tirẹ̀."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì gan-an di ògiri mú. Ìyá oníkúlíkúlí rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ láàárín kúlíkúlí rẹ̀, kò dìde bọ̀rọ̀. Wọ́n fún bàbá ní búrẹ́dì àti wàgáṣì tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe, ó jẹ ẹ́ tán, nọ́ọ̀sì sì ń wò ó léraléra. Oòrùn ti rọ̀ kí ó tó ní kí a máa lọ.

Láti ọjọ́ kejì ni bàbá ti fi nǹkan kún ọgbọ́n rẹ̀. Òwú pupa ṣì ń wọ etí fìlà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gún ínsúlínì tán, á tún pè sí ìkejì ògiri pé, "Mo ti gún un o!" Ìyá oníkúlíkúlí á dáhùn láti ìdí òróró pé, "Mo gbọ́!" Bí iyè méjì bá tún mú un, ẹlòmíràn wà tó lè rántí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ èébú.

Àwọn méjèèjì ti di olóògbé. Banikanni ni mo ń gbé báyìí, ọmọbìnrin mi ló sì ń gún ínsúlínì. Ẹ̀rù máa ń bà mí ju bó ṣe yẹ lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wo àpò ilé ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bóyá ṣúgà wà níbẹ̀. Láràárọ̀ á pè mí láti yàrá rẹ̀ pé, "Màmá, mo ti gún un," èmi á sì dáhùn pé, "Mo gbọ́," bí ọṣẹ tilẹ̀ wà lójú mi nílé ìwẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì ní, "Màmá, mi ò rántí bóyá mo ti gún un." Igbe ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo rántí ọkùnrin kan tó gbé síbí kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì sọ pé, "O ṣeun tó o sọ fún mi. Gbé ẹ̀rọ wá." Kò gún òmíràn. A jọ wo ṣúgà rẹ̀, a pe nọ́ọ̀sì, a sì ṣe ohun tó ní kí a ṣe. Ó lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, orin ló ń kọ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹnì kan ń gún ínsúlínì nínú ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dá a lóhùn láràárọ̀. Bí ó bá sì wá sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé òun ti ṣì í gún, kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.