Ìyá Tó Pín Ẹrù Rẹ̀ Nítorí Ẹyẹ Irin Mi

Ìyá arúgbó kan ní Ìlọrin ti pín gbogbo ohun tó ní láyé nítorí ẹ̀fẹ̀ tí èmi fi ọwọ́ ara mi kọ! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé akọ̀ròyìn ni mí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín nípa ohun tí kò tíì sí: fìtílà tí kì í mu epo, àpótí tó ń ròyìn fúnra rẹ̀. Yìísá ọ̀rẹ́ mi ló máa ń ṣe é níbi ìyàwó àti ìsọmọlórúkọ.

Lọ́jọ́ Àtàláátà, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò wa, Yìísá wọ ẹ̀wù kíláàkì, akọ̀wé rélùwéè, ó gun orí odó. Ó ní òyìnbó ti ṣe ẹyẹ irin, pé yóò gbéra ní sítéṣọ̀n rélùwéè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, yóò sì balẹ̀ sí Mẹ́kà kí ọbẹ̀ alẹ́ tó hó. Kí àwọn tó sanra jókòó sáàárín, kí ẹyẹ má baà fì! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Yìísá gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò. Gbogbo agbo dáhùn, "Àmín!" Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú. Ta ni wọ́n ń ṣàdúrà níwájú rẹ̀ ní Ìlọrin tí kò ní ṣe Àmín?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wá ìròyìn lọ sí sítéṣọ̀n. Ta ni mo rí? Ìyá Sàlámátù, opó àdúgbò wa, lórí ìdì ẹrù, nínú aṣọ funfun!

"Ọmọ mi, ẹyẹ yín dà?"

Mo ní, "Ìyá, eré ni. Ṣé ẹ ò rí wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni?"

"Mo rí wọn. Nígbà tí wọ́n ní ilé irin máa rìn wọ Ìlọrin, èmi náà rẹ́rìn-ín. Rélùwéè dé, ó fọn fèrè sí mi létí! Wàláì, n kò tún rẹ́rìn-ín mọ́."

Ẹ mọ ìṣe wa. Ẹni tó ń lọ Mẹ́kà lè má padà wálé. Ìyá ti tọrọ ìdáríjì láti ilé dé ilé, ó ti pín ìkòkò, aṣọ òfì àti ewúrẹ́. Ó ní òun fẹ́ kú síbẹ̀ ni. Yàrá rẹ̀ ló fún Sùlé, ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀.

Mo mú un padà sílé. Sùlé dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ní òun ń lọ Mẹ́kà, mo ṣe Àmín. N kò bi í ohun tó máa gùn. Ọrẹ tí a ṣe lójú ẹlẹ́rìí, a kì í gbà á padà. Kí ẹyẹ yín kọ́ yàrá fún un!"

Ìyá yíjú sí mi: "Ọmọ mi, ṣé kò ní dé láéláé ni, àbí kò tíì dé?"

Èmi tí mo dá ẹyẹ náà sílẹ̀, n kò mọ̀!

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tó ń fi ọjọ́ iwájú ṣe ẹ̀fẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ẹni tí kò rẹ́rìn-ín láàárín agbo. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti ṣe ẹ̀fẹ̀ tí ẹnì kan gbà ní òótọ́ rí? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tiyín.

Ní báyìí, ilé Mágàjí, olórí àdúgbò wa, ni ìyá ń sùn. Mágàjí ti gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú Alíkálì, adájọ́ wa. Ìránṣẹ́ Alíkálì ní lọ́jọ́ Àtìnì, ìyẹn ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí èmi àti Yìísá wá ṣe eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní kóòtù, kí Alíkálì fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ó ṣeé gbà gbọ́, kó tó sọ ẹni tó ni yàrá. Ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín.