Ẹ̀yìn Àgbà Odò

Láti ọjọ́ tí Mbah Tukinem ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé Àgbà Odò sí mùsíọ́mù ní ìlú Jogja ni oorun ti dá lójú ìyá arúgbó náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mbah, ìyẹn ìyá àgbà. Àgbà Odò ni òkúta pẹrẹsẹ tí àwọn obìnrin abúlé wọn ń fọṣọ lé lórí. Ogójì ọdún gbáko ni Tukinem fi ń na aṣọ nígi níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni omíyalé fọ ilẹ̀ abẹ́ òkúta náà lọ, tí wọ́n sì rí i pé ère obìnrin ni, tó dojú délẹ̀ láti ayé àwọn ọba àtijọ́. Àwọn oníwàádìí dé, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e lọ. Oko ni Tukinem wà lọ́jọ́ náà. Kò rí ojú rẹ̀ rárá.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyí: lọ́dún ìtúnu ààwẹ̀, kékeré a máa kúnlẹ̀ fún àgbà, a sì tọrọ àforíjì ohun gbogbo tó ti ṣẹ̀ ẹ́. Tukinem ló wá dàgbà jù lábúlé báyìí. Gbogbo ayé ń kúnlẹ̀ fún un, òun kò rẹ́ni kúnlẹ̀ fún.

"Èmi tí mo na ìyá oníyàá nígi lẹ́yìn fógójì ọdún!" ó ké mọ́ Wening, ọmọ ọmọ rẹ̀. "Dìde, gbé alùpùpù ẹ jáde jàre!"

Bí wọ́n ṣe wọ gbọ̀ngàn mùsíọ́mù báyìí, inú ìyá dùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀ mọ́. Ère olórí erin rèé, ère Búdà rèé, òmíràn ní apá mẹ́jọ. Iwájú ni gbogbo èèyàn dúró sí tí wọ́n ń wò wọ́n. Ẹ̀yìn ni Tukinem ń bá kiri.

"Mbah, ojú ni wọ́n ń wò o," Wening sọ wúyẹ́wúyẹ́, ìtìjú sì fẹ́ pa á.

"Ojú wo? Ṣé mo mojú ni? Ẹ̀yìn ni mo mọ̀!"

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ìkarùn-ún, ó dúró gbagidi. Ẹ̀yìn náà fẹ̀, ó ń dán, ihò kékeré tó máa ń ki ọṣẹ sí sì wà ní ìbàdí òsì. Kò mọ ìgbà tó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Mbah! Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Pak Sugondo, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀, sáré dé.

"Ogójì ọdún ni mo fi nà wọ́n, o wá ní n má fọwọ́ kàn wọ́n!"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ẹ̀yìn tó ń dán náà. "Àṣé ẹ̀yin lẹ bó wọn lẹ́yìn báyìí?"

"Èmi nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n tèmi ló pọ̀ jù." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rù àtibọ́ síwájú ń bà á. "Wening, bá mi yọjú wò ó. Ṣé wọ́n lejú?"

"Mbah, ẹ máa bọ̀ jàre," Pak Sugondo dá sí i. "Ṣẹ́ ẹ rí àwọn tó wà lóòró yìí, gbogbo imú wọn ló ti kán. Tiyín nìkan lojú ẹ̀ pé, torí ó dojú bolẹ̀."

Ìyá yí bọ́ síwájú. Lóòótọ́, imú pé, ètè pé, ẹ̀rín díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ère náà rẹjú sílẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni.

"Wọn ò fẹ́ wò mí," Tukinem wí.

Ọ̀rọ̀ gígùn tó ti kọ́ sórí látilé fò lọ pátápátá. Ó ṣáà kúnlẹ̀, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Ẹ foríjì mí, èyí tó hàn àtèyí tó pamọ́." Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ojú ère náà gan-an.

"Wọ́n ń wò mí!" Igbe rẹ̀ gba gbọ̀ngàn kan, gbogbo èèyàn yíjú. "Wening, wọ́n ń wò mí! Ẹ̀yin náà ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ rí i!"

Oṣù méjì ni Pak Sugondo ti ń dúró ti ère yìí láràárọ̀. Ó wòtún, ó wòsì, ó ṣí fìlà, ó sì rọra kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá arúgbó náà.

"Háà, Mbah," ó wí jẹ́jẹ́, "wọ́n ń wò wá."