Ohun Tí Mo Sọ Lójú Ìyá Marzahn

Mi ò fẹ́ràn Ìyá Marzahn, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé gbogbo ẹni tó bá ń tọ́jú arúgbó ló nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Irọ́ ni. Mo wẹ ìyá yìí, mo fi ìpara pa á lára, mo sè fún un, mo sì kórìíra ìró ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń retí kí n fi “wọ́n” bọ̀wọ̀ fún un nínú ìtàn yìí, ẹ máa dúró.

Ẹgbẹ́ aláàánú àwọn Júù ní Berlin ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní ibi tí àwọn arúgbó ti máa ń jẹun ọ̀sán, wọ́n ní àwọn tó ń báni sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì ní àwa tí à ń ti ilé bọ́ sí ilé lọ wẹ àwọn tí kò lè dá wẹ̀ mọ́. Wọn kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́. Ukraine àti Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń tọ́jú ti wá; wọ́n ti dàgbà kí wọ́n tó dé, Jámánì ẹnu wọn kò sì já gaara ju tèmi lọ. Ọlọ́pàá máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa ní Schöneberg láràárọ̀. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu pé ibi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ adìẹ fún arúgbó nílò ìbọn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo wá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ ìkórìíra Júù tí àwọn kan máa ń fi fóònù sọ sí wa, kò yà mí lẹ́nu mọ́, inú ló ń bí mi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìyá yìí, lókè pátápátá nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tó wà ní àdúgbò Marzahn, mo fi orúnkún kanlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ó wo orúnkún mi, ó wo ojú mi.

“Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ?” ló bi mí.

Mo pè é ní Màmá, ó ní òun ò bí mi. Mo ní oúnjẹ ti jinná, ó ní òórùn rẹ̀ ti sọ fún òun. Ìkòkò ẹran wà lọ́tọ̀ nílé ìdáná rẹ̀, ìkòkò wàrà wà lọ́tọ̀, títí dé orí ṣíbí, torí òfin oúnjẹ àwọn Júù kì í jẹ́ kí ẹran àti wàrà pàdé. Téèpù pupa ni ti ẹran, búlúù ni ti wàrà. Kì í ṣe pé wọ́n fi èyí tọ́ ọ dàgbà o. Níbi tó ti dàgbà, ìjọba ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sétí. Berlin níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan máa ń le ju ẹni tó bá a nílé lọ. Á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á máa ṣọ́ ọwọ́ mi. Bí mo bá na ọwọ́ sí ṣíbí tí kò yẹ, á fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, mà á sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Itẹ́ òkú ni ìjà wa ti wá le. Mo máa ń mú un lọ síbi sàréè ọkọ rẹ̀, torí ọ́fíìsì wa fi ìyẹn sínú iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí òun ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, mo ti ṣíwájú débẹ̀, mo sì bá òkúta wẹ́wẹ́ lórí sàréè bàbá onítọ̀hún. Lójú tèmi, àwọn ọmọ ìta ló jù wọ́n síbẹ̀. Mo gbá gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi aṣọ nu ojú sàréè náà mọ́ tónítóní, mo wá dúró de ọpẹ́. Ọ̀pá ló fi gbá mi lẹ́sẹ̀. Ó ní òkúta àwọn tó wá bẹ ọkọ òun wò ni wọ́n, olúkúlùkù ló ń fi ọ̀kan sílẹ̀ kí òkú lè mọ̀ pé wọ́n wá, èmi sì ti gbá àbẹ̀wò ọdún gbọọrọ dà sínú koríko. Mo ní nílé tiwa, òkúta orí sàréè, ọ̀tá ló ń jù ú. Ó ní kí n máa lọ sílé tiwa nígbà náà. Ta ni ì bá mọ̀? Bí ó bá ti sọ fún mi ṣáájú, ṣé mà á fọwọ́ kàn án? Mo bá a ṣà wọ́n padà nínú koríko tútù, ṣùgbọ́n mo ń kùn, òun náà ń kùn, kálukú ní èdè tirẹ̀.

Sàréè yẹn ni kò jẹ́ kó gbà láti lọ sí Hamburg. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó sì ti rí àyè fún un nílé àwọn arúgbó tó wà nítòsí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo tẹ̀lé ìyá náà wọ reluwé lọ wò ó. Kí n má purọ́, ibẹ̀ dára. Ojú fèrèsé kọ sí ọgbà, àwọn tó ń sọ èdè rẹ̀ ń ta káàdì nísàlẹ̀, wọ́n sì gbé tíì fún wa. Èmi ì bá sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá jókòó sétí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kò sì bọ́ ọ títí a fi dìde. Nínú reluwé tí a wọ̀ padà, ó kọjú sí fèrèsé.

“Ta ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò?” ló wí. Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ṣubú ní balùwẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo bá a nígbà tí mo dé láàárọ̀. Ọmọ rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, obìnrin kan tó gbọ́ èdè ìyá náà dáadáa, wá sí Marzahn, ó sì là á yé àwa méjèèjì. Ọ̀nà kan ló kù. Ilé-iṣẹ́ abánigbófò máa rán Gutachterin wá, ìyẹn obìnrin tó ń wo bí ara arúgbó ṣe rí. Bí ó bá rí i pé ara ìyá ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, wọn yóò gbé Pflegegrad rẹ̀, ìyẹn ìpele ìtọ́jú tí wọ́n ń san owó rẹ̀, sókè, àwa á sì lè máa rán èèyàn wá láàárọ̀ àti lálẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á fi í sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Hamburg ni.

“Ẹ má tún ilé ṣe lọ́jọ́ náà,” ọ̀gá mi wí. “Ẹ má wọ aṣọ òde. Kí ó bá yín bí ẹ ṣe ń rí lọ́jọ́ tí ara yín ò yá.” Ó yíjú sí mi. “Ohun tí ìyá ò bá sọ, ìwọ sọ ọ́.”

Ìyá náà mi orí pé òun gbọ́. Èmi náà mi orí.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún ọkọ mi.

“Abeg, fi màmá yẹn sílẹ̀ jàre,” ló wí. “Ṣebí ọmọ ẹ̀ fẹ́ mú un lọ Hamburg? You go rest. Ẹni tó ń fi ọ̀pá gbá ẹ lẹ́sẹ̀.”

“Wọ́n ní kí n sọ gbogbo ẹ̀ fún Gutachterin. Pé ó ń tọ̀ sílé. Lójú ẹ̀ o.”

Ọkọ mi gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Lójú màmá fúnra wọn? Haba. Ìyẹn ò da.”

“Warum nicht?” ọmọbìnrin wa dá sí i láti orí àga. “Ist doch wahr.” Kí ló dé tí kò da, òtítọ́ ṣáà ni, lójú tiẹ̀. Berlin ni wọ́n bí i sí. Àwa méjèèjì tí wọn ò bí síbí wo ara wa, torí gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, pàápàá nípa àgbà.

Lọ́jọ́ tí Gutachterin máa wá, mo wọlé, mo sì bá Ìyá Marzahn tó wọ kóòtù dúdú àti síkẹ́ẹ̀tì, tó kun ètè ní pupa, tó fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun sọ́rùn. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé náà, ibùsùn àti tábìlì jọ wà lójú kan. Ó ti to ife tíì olówó ńlá sórí tábìlì, ó ti fa aṣọ aláràbarà bo ibùsùn, ó sì ti fi ọ̀pá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Bí ó ṣe rí i ṣe, Ọlọ́run ló yé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n wí ni?” mo bi í.

“Àlejò ń bọ̀,” ló dá mi lóhùn. “Ṣé kí n gbà á lálejò bí ẹran?”

Inú bí mi, ó sì tún yé mi. Ìyá tó bí mi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ló mú kí inú túbọ̀ bí mi.

Gutachterin dé, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé ìyá ń dá wẹ̀? Ó ń dá wẹ̀. Ṣé ó ń dá wọṣọ? Ó ń dá wọṣọ. Ta wá ni èmi? “Ó máa ń bá mi ra búrẹ́dì,” ni ìyá wí. Obìnrin náà ní kó dìde. Ó dìde láìmú ọ̀pá, ó fi ìka kan tẹ tábìlì, ó rìn dé fèrèsé, ó sì rìn padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gbọ̀n lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Gutachterin ò rí i, kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀.

“Ara yín mà le o,” ni obìnrin náà wí, tayọ̀tayọ̀.

Mo ní mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nílé ìdáná. Ìyá gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé mi. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ níbí.”

Ó wá tẹjú mọ́ mi. Ó dá a lójú pé mi ò ní lè sọ ọ́. Ká ní mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, ǹ bá dákẹ́, ì bá sì máa gbé ní Hamburg lónìí. Ìbínú ló la ẹnu mi. Gbogbo àárọ̀ tó fi ṣọ́ mi bí olè ló gun orí ahọ́n mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kò lè dá wẹ̀, èmi ni mò ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú ọpọ́n. Mo ní kò lè gé ẹran inú àwo rẹ̀. Mo ní ó ṣubú, ó sì wà nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní ó ń tọ̀ sórí ibùsùn lóru, á wá fi aṣọ tó tutù pamọ́ fún mi. Gutachterin wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́. Ni mo bá rìn lọ síbi ibùsùn, mo sì ká aṣọ aláràbarà náà sókè lójú gbogbo wa. Kò ráyè pààrọ̀ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣì tutù, òórùn rẹ̀ sì gba yàrá.

Ó dùn mọ́ mi. Kò pẹ́ lọ títí, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Ìyá ò sunkún. Ó fa etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bo orúnkún, ó wá kọjú sí ògiri títí obìnrin náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Tíì tutù sínú ife. Nígbà tí mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Wọ́n gbé Pflegegrad náà sókè. Ọmọ rẹ̀ pè mí láti Hamburg, ó dúpẹ́ títí, ó ní òun á mú ìlérí òun ṣẹ. Ọ̀gá mi wá pè mí sí Schöneberg. Ó ní iṣẹ́ mi dára, ìyá á wà nílé rẹ̀, àwọn á máa rán èèyàn láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n ìyá ní kó má ṣe jẹ́ èmi. Ó ní òun ti bẹ̀ ẹ́. Kreuzberg, àdúgbò mìíràn, ni wọ́n gbé mi lọ.

Mo lọ dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lára rẹ̀.

“Mo ṣì wà nílé mi,” ló wí. “Mo mọ ẹni tó jẹ́ kí n wà níbẹ̀. Má wọ inú rẹ̀ mọ́.”

Ó na ọwọ́ jáde láti àlàfo ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó sì tìlẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú u láti inú lífùtù, ní Yorùbá tó dá ṣáká. Bí àjèjì kan bá ká aṣọ ibùsùn ìyá tó bí mi sókè lójú àlejò, ì báà jẹ́ láti gbà á là, mi ò ní jẹ́ kó tẹ ilé wa mọ́ láéláé. Mo mọ ìyẹn dáadáa. Síbẹ̀ mo bú u títí tíráàmù fi dé.